Inú Ọ̀pá Ìrù Ni Iṣẹ́ P-38 Wà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá P-38, bàálù ìjà Amẹ́ríkà, tó ti wó kalẹ̀ láti ayé ogun Hitler ṣì lè fò, ẹ má kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà, ó ṣeé tú, ó ṣeé tún tò. Ọ̀pá ìrù méjèèjì tó gùn láti ara apá lọ dé ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ojú kejì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé iwájú, bí káfíńtà ṣe máa ń wo pákó kó tó sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó tẹ̀, ibi tó wú, tàbí ibi tí awọ rẹ̀ ti hunjọ, ibẹ̀ ni owó máa wọlé sí, ibẹ̀ náà ni ọdún máa wọlé sí.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Ní 1937, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn ń fẹ́ bàálù ìjà tí yóò máa sá 360 máìlì ní wákàtí kan lókè 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí yóò sì gun òkè náà láàárín ìṣẹ́jú 6. Kò sí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe nígbà náà. Hall Hibbard àti Kelly Johnson ní iléeṣẹ́ Lockheed, ní Burbank, California, bá fi Allison V-1710 méjì sí i. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀ tí kò lè ṣe kó má gbé: tọ́bò tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lókè níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, rédíétọ̀ tí yóò máa tù ú, àti ẹsẹ̀ ńlá tí bàálù fi ń balẹ̀. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lórí ìlà kan, wọ́n fi awọ alumíníọ̀mù bò ó, ó di ọ̀pá gígùn. Nígbà tó ti gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kúkú fà á dé ìrù. Awakọ̀ àti ìbọn wá jókòó sínú ilé kékeré tó wà láàárín: ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́rin, àti ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 20. Kò sí abẹ̀bẹ̀ kankan níwájú wọn, nítorí náà ọta ń lọ tààrà. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1939 ló kọ́kọ́ fò, èyí tí wọ́n sì ṣe kó tó di pé ogun parí lé ní 10,000.

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé àwọn ọmọ ogun Jámánì ń pè é ní Sàtánì onírù méjì. Sàtánì ni mo kọ. N kò kọ Èṣù, nítorí Èṣù òrìṣà wa kì í ṣe Sàtánì, orúkọ rẹ̀ kò sì yẹ kó wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín láti iwájú. Abẹ̀bẹ̀ ẹléwé mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀pá, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àtààbọ̀, bíi mítà 3.5. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12, lítà 28. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, nísàlẹ̀, ni ihò tí ẹsẹ̀ ńlá máa ń ká wọ̀. Lókè ihò yẹn ni tọ́bò jókòó sí gbangba, tí ẹ ó rí àwo rẹ̀ láti ìta. Bí ẹ bá tún sún sẹ́yìn, ẹ ó rí rédíétọ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó yọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ki ẹ̀kọ sẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi, okùn irin tó ń darí ìrù sì gba inú rẹ̀ kọjá. Lópin, pátákó ìrù tó dúró lóòró wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, pátákó gbọọrọ kan sì dùbúlẹ̀ láàárín ọ̀pá méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, torí òun ló ń dá àwọn èèyàn lágara jù.

Ibi tí bàálù sùn sí ló ń sọ àìsàn tó ń ṣe é. Èyí tó sùn sínú omi iyọ̀, iyọ̀ á wọ inú alumíníọ̀mù láti etí rẹ̀, irin náà á máa ṣí ní ìpele-ìpele bí ìwé tí ojò pa. Ẹ lè fọwọ́ kan egungun apá tó dà bíi pé ó nípọn, kó jẹ́ pé ìdọ̀tí funfun inú rẹ̀ ló wú u. Èyí tó sùn sínú igbó, ewé rírà á dí àwọn ihò kéékèèké tó yẹ kí omi máa gbà jáde nísàlẹ̀ ọ̀pá ìrù, omi á dúró, ìsàlẹ̀ ọ̀pá á jẹrà nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Nítorí náà ẹ má fi òkè díwọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹ mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ máa fi gún etí ibi tí páànù méjì ti pàdé. Ibi tó bá gba irin wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti yìnyín yàtọ̀ pátápátá, Glacier Girl ló sì fi hàn wá. P-38F ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni 41-7630. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1942, P-38 mẹ́fà àti B-17 méjì, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù, ń gba Gírínláǹdì lọ sí Bìrìtéènì. Ojú ọjọ́ dí mọ́ wọn, epo ń tán lọ, wọ́n sì balẹ̀ sórí yìnyín. Èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀ nínú àwọn P-38 na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dojú dé. Àwọn tó kù rí i, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, wọ́n fi ikùn yọ̀ lọ lórí yìnyín. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Wọ́n fi bàálù sílẹ̀ níbẹ̀, yìnyín ń gorí yìnyín lọ́dọọdún, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kàn án ní 1992, ó ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 268 sísàlẹ̀, mítà 82. Wọ́n ti kàn ọ̀kan nínú àwọn B-17 ní 1990, yìnyín ti rún un. P-38 ní tirẹ̀ kéré, ó sì ki, ìyẹn ló gbà á.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ dùn ún gbọ́. Wọ́n fi ọ̀pá bàbà tín-ínrín wé irin ńlá kan tó rí bí òkòtó, wọ́n ń yí omi gbígbóná po nínú rẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì. Ó ń yọ́ ihò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, bíi ẹsẹ̀ bàtà 2 ní wákàtí kan. Nígbà tó kan bàálù, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi họ́ọ̀sì omi gbígbóná gbẹ́ yàrá yí i ká, wọ́n tú u níbẹ̀, wọ́n sì ń fà á sókè ní ẹyọ-ẹyọ. Roy Shoffner, oníṣòwò kan ní Middlesboro, ìpínlẹ̀ Kentucky, ló náwó sí i, Bob Cardin ló darí iṣẹ́. Ọdún 10 ni wọ́n fi tún un ṣe kí Steve Hinton tó wà á lọ sókè ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2002.

Òtútù dá ìpẹtà dúró, ṣùgbọ́n kò dá ìwúwo dúró. Bí a bá ṣírò yìnyín mítà 82, ó lé ní 50 tọ́ọ̀nù lórí mítà kan níbùú lóròó. Ìyẹn ni pé irin tó jáde wá mọ́, ó ń dán, kódà àwọ̀ ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ti fọ́ nínú. Páànù ti fún mọ́ àárín egungun méjì. Ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń lù ní ìdí kó lè so páànù pọ̀, ti ya ihò rẹ̀ gba inú páànù kọjá, ihò tó yẹ kó rí roboto ti di bí ẹyin. Ẹ̀tàn tó wà nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀ nìyí: ojú á sọ pé ó dáa, ìwọ̀n á sọ pé kò dáa. Ìwọ̀n ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó ti rí panẹ́ẹ̀lì-bítà tó ń fi òòlù na bọ́dì Corolla títí á fi tẹ́ lè rò pé wọ́n á kàn na awọ P-38 náà padà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin bọ́dì mọ́tò rọ̀, ó ń fà. Alumíníọ̀mù bàálù, tí wọ́n ń pè ní 24ST nígbà náà, tó jẹ́ 2024-T3 lónìí, le, bí ó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ padà, ó ti ń wá ibi tí yóò ti sán. Nítorí náà, èyí tó bá tẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ìwé àtúnṣe fàyè gbà, àwòṣe ló kù tó wúlò fún. Ẹ rọra tẹ́ ẹ, ẹ gbé e sórí páànù tuntun, ẹ mú ìlà rẹ̀ àti ojú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ so nọ́ńbà mọ́ ọn, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ má jù ú nù títí bàálù yóò fi fò.

Ibi tí igun wà ni tuntun ti ń bàjẹ́. Páànù 2024-T3 tó nípọn tó mílímítà kan, bí ẹ bá tẹ igun rẹ̀ kó mú bí etí tábìlì, ẹ̀yìn igun náà á sán, nígbà míràn kò ní hàn sí ojú lásán. Ẹ jẹ́ kí igun náà rí roboto, ìyípo rẹ̀ nínú kó tó mílímítà 3 sí 4, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dábùú ìlà tí wọ́n fi yi páànù náà níléeṣẹ́. Èyí tí ìtẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀, bí egungun ìhà ọ̀pá ìrù, irin rírọ̀ ni wọ́n fi máa ń ṣe é, wọ́n á wá gbé e sínú ààrò tó gbóná tó bíi 495 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréètì, wọ́n á tì í sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò lọ́ nígbà tó bá jáde nínú omi, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ó ṣì rọ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà, ẹ tètè tọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, ó ti le, ẹ ti pẹ́.

Ríbẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà lára ọ̀pá ìrù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kàn án. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Páànù méjì fẹ́ pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 0.8, àpapọ̀ rẹ̀ 1.6. Ríbẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ lò sanra tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn mílímítà 3.2. Ara tó yẹ kó yọ jáde lódìkejì jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀ sísanra rẹ̀: 4.8. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 1.6, ó di 6.4, ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì gééré. Ẹnu díríìlì nọ́ńbà 30 lẹ ó fi lu ihò. Ẹ ó fi cleco aláwọ̀ bàbà, ìdè kékeré tó ṣeé yọ, dì wọ́n mú kí páànù má baà yẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá lu gbogbo ihò tán, ẹ tú wọn ya, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe nítorí ó ń gbàkókò. Ẹ tú wọn ya dandan. Èérún díríìlì ti wọ àárín páànù méjèèjì. Bí ẹ bá kàn án mọ́bẹ̀, páànù kò ní fara mọ́ ara, ríbẹ́ẹ̀tì á wú sínú àlàfo náà, omi á sì máa wọ ibẹ̀ títí ayé. Ẹ fá etí ihò kó dán, ẹ nu ún, ẹ kun ọ̀dà ìsàlẹ̀, ẹ tún un dì.

Ẹnì kan á di ìbọn atẹ́gùn mú níta, ẹnì kejì á fi irin wúwo ti ìdí ríbẹ́ẹ̀tì nínú. Ẹni inú ni ọ̀gá. Bí irin rẹ̀ bá dagun díẹ̀, orí ríbẹ́ẹ̀tì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá tètè gbé e kúrò nígbà tí ti ìta ṣì ń lù, páànù á kó sínú, ojú rẹ̀ kò ní tẹ́ mọ́. Orí tó bá dáa fẹ̀ ní mílímítà 4.8, ó ga ní 1.6. Bí ó bá fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ, wọ́n ti lù ú jù, ó ti le, ó ti ń gbìyànjú láti sán. Ẹ yọ ọ́.

Yíyọ rẹ̀ náà ní ọ̀nà. Ẹ fi díríìlì lu àárín orí rẹ̀, kó jìn tó orí nìkan, kó má kọjá. Ẹ fi pọ́ńṣì ré orí náà sọnù, kí ẹnì kan gbé ẹ̀yìn páànù ró, kí ẹ wá rọra ta ìdí rẹ̀ síta. Ẹni tó bá lu díríìlì já lẹ́ẹ̀kan náà ti fẹ ihò. Ihò tó ti fẹ̀ fẹ́ ríbẹ́ẹ̀tì tó sanra jù, ti ìdá márùn-ún nínú 32 ínǹṣì, mílímítà 4. Àmọ́ òfin kan wà: láti àárín ihò dé etí páànù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì sísanra ríbẹ́ẹ̀tì. Mílímítà 6.4 tó fún ti àkọ́kọ́. Ti kejì fẹ́ 8. Bí etí kò bá ti tó 8, àìfarabalẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ti sọ páànù di èyí tí ẹ ó pààrọ̀, tàbí èyí tí ẹ ó lẹ òmíràn mọ́ lẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ oṣù méjì fi ń di ọdún kan.

Ẹ tún wo orí ríbẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kí ẹ tó yọ ọ́. Àmì tó wà níbẹ̀ ló ń sọ irú alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó ní ojú kékeré tó kó sínú ni wọ́n ń pè ní AD, èyí lẹ lè kàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ilà kéékèèké méjì tó yọ síta ni DD, ó le jù. DD gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ààrò kọjá, kó wọ omi tútù, kí ẹ sì kàn án láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí ẹ kó o sínú fíríísà kó má baà le. Ẹni tó bá fi AD rọ́pò DD ní sísanra kan náà nítorí ó rọrùn láti kàn, ó ti gbé agbára kúrò níbi tí ẹni tó yàwòrán bàálù fi í sí.

Mo ní kí ẹ fi pátákó tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn sọ́kàn. Bàálù tó ní ọ̀pá ìrù kan ṣoṣo, bí ìrù rẹ̀ bá wọ́ díẹ̀, ẹ̀bi náà wà lójú kan. Ti P-38 jẹ́ ọ̀pá méjì tó gbọ́dọ̀ bá ara wọn lọ gọ́ọ́gọ́ọ́, ní gíga, ní fífẹ̀, ní lílọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé àárín bàálù sórí férémù, kó tẹ́ lóròó àti níbùú. Ẹ mú bóòtì kan náà lọ́tùn-ún lósì níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ apá, àti bóòtì kan náà lọ́tùn-ún lósì nídìí ìrù. Ẹ so okùn ìwọ̀n rọ̀ láti ara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ilẹ̀. Ẹ wá wọn dábùú: iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì sí ẹ̀yìn ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi mílímítà 6 gùn ju èkejì lọ, ọ̀pá méjèèjì ti jọ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú rí i.

Ìgbà wo lẹ ó wọ̀n ọ́n? Ní ìdájí, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 6 ń fi bíi mílímítà 1.4 gùn sí i bí ooru bá fi 10 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréètì pọ̀ sí i. Téèpù irin ń gùn ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé bá ọ̀pá ọ̀tún, tí tòsì wà lábẹ́ òjìji, ẹ ó máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Àṣìṣe tó burú jù níbẹ̀ ni kí pátákó ìrù má wọlé, kí wọ́n wá fi bóòtì fà á wọlé. Yóò wọlé o. Ojú á sì rí i pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bóòtì àti irin tó dì í mú ti gbé ẹrù kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá gbọ̀n lókè, ẹrù mìíràn ń gorí rẹ̀, títí ibì kan yóò fi sán. Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn: pátákó kékeré ẹ̀yìn tó ń gbé imú bàálù sókè sódò á máa há, torí àwọn ojú ìdè rẹ̀ kò sí lórí ìlà kan mọ́. Bí ó bá há, ẹ má fi gíríìsì tàn án jẹ. Ẹ padà sídìí ìwọ̀n.

Pátákó kékeré yẹn kan náà ní òjé tí wọ́n fi mú un dọ́gba, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó yọ láàárín gbangba. Ọ̀dà tuntun ń wúwo. Bí ẹ bá tún un kùn, ẹ tún ìdọ́gba rẹ̀ wò, nítorí pátákó tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lókè, irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ sì lè fa ìrù já kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nípa tọ́bò, ooru ni ọ̀tá. Èéfín tó ń jáde látinú sílíńdà ló ń yí i, àwo rẹ̀ sì ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Alumíníọ̀mù tó wà nítòsí, bí ooru bá ti pa á jù nígbà kan rí, ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yí padà kó tó sọ fún yín. Ẹ wá ibi tí ọ̀dà ti wú tàbí tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn líle irin yẹ ibẹ̀ wò. Àwọn kan nínú àwọn tó ń fò lónìí kò lo tọ́bò mọ́, wọ́n ti dí i, torí wọn kì í gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kí àwo rẹ̀ wà níbẹ̀ kó ṣeé rí, torí P-38 tí kò ní tọ́bò lẹ́yìn ti di nǹkan míràn. Ti Glacier Girl tún ní ìdíjú kan: lára àwọn P-38F, íntákúlà, ohun tó ń tu atẹ́gùn tọ́bò kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, wà nínú etí iwájú apá, atẹ́gùn tọ́bò ń gba inú apá náà kọjá. Ibi tí awọ apá bá ti jò, agbára ń jò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe P-38J, irú tó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, wọ́n gbé íntákúlà lọ sábẹ́ àgbọ̀n ẹ́ńjìnnì, etí apá sì ṣófo, wọ́n fi ààyè náà gba epo gálọ́ọ̀nù 55 sí apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tún F ṣe kò lè kàn yá etí apá J lò.

Ẹ́ńjìnnì tọ̀tún àti tòsì kì í ṣe ìbejì bó ṣe rí lójú. Abẹ̀bẹ̀ wọn ń yí síta lókè, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Allison ṣe èyí nípa yíyí kíráǹkì padà, kí iwájú rẹ̀ di ẹ̀yìn, wọ́n fi jíà kan kún un, wọ́n sì tún wáyà iná pọ́lọ́ọ̀gì tò. Pọ́lọ́ọ̀gì méjì ló wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, 24 fún ẹ́ńjìnnì kan. Bí ẹ bá to wáyà tòsì bíi tọ̀tún, yóò máa ta padà sẹ́nu, ẹ ó sì rò pé kábúrétọ̀ ni. Kí ẹ tó kọ́kọ́ sáná sí i, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ yí i títí òǹkà ọ́ìlì yóò fi gbéra. Bẹ́ríǹ tó gbẹ kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Iná mànàmáná ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Abẹ̀bẹ̀ Curtiss Electric ń lo mọ́tò kékeré láti yí ewé rẹ̀ padà, iná sì ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tò náà gba ojú òrùka bàbà àti kábọ́ọ̀nù, irú èyí tí riwáyà máa ń pààrọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀. Ọ́ìlì tó bá jò láti imú ẹ́ńjìnnì dé orí òrùka yẹn ti tó: iná á máa já, á máa padà, ewé á dúró síbi tí kò yẹ. Ẹ nu òrùka náà, ẹ wo gígùn kábọ́ọ̀nù, ẹ wá orísun ọ́ìlì náà kí ẹ tó tì í. Lára àwọn P-38 ìṣáájú, jẹnẹrétọ̀ kan péré ló wà, ara ẹ́ńjìnnì òsì ló sì wà. Bí ẹ́ńjìnnì òsì bá kú, bátìrì nìkan ló kù tó ń gbé abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún. Àwọn atúnṣe kan máa ń fi jẹnẹrétọ̀ kejì sí ọ̀tún, mo sì fara mọ́ ọn gidigidi, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé bàálù náà.

Ọ̀rọ̀ síìlì kò pọ̀: ọ́ìlì pupa 5606 tí wọ́n ń lò nínú háídírọ́líìkì kò bá rọ́bà tó ti ara igi wá mu, yóò wú u. Síìlì nítíráìlì ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì gbé bàálù sórí jáàkì, kí ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà kó tó kúrò nílẹ̀. Ẹ fetí sí ilẹ̀kùn ihò ẹsẹ̀. Bí ó bá kàn ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀pá ìrù ló ṣì lọ́, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin, ẹ má fá a dànù nítorí kó lè dán. Ní 2003, wọ́n gbé àwọn ẹ̀yà F-5B kan, P-38 tó ń yàwòrán dípò kó máa jà, jáde nínú òkun nítòsí Marseille. Nọ́ńbà 2734 tó ṣẹ́ kù lára irin ni wọ́n fi mọ̀ ní 2004 pé bàálù tó sọnù pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1944 ni. Ọgọ́ta ọdún nínú iyọ̀, nọ́ńbà yẹn kò parẹ́. Sáńdípépà lè pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Kì í sì í ṣe gbogbo P-38 tó sin sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wú jáde. P-38F kan wà nínú iyanrìn etíkun Harlech ní Wéésì, tó balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1942, tí iyanrìn ṣí kúrò lórí rẹ̀ ní 2007. Ní 2019, Cadw, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, fi òfin dáàbò bò ó. Lójú mi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Iyanrìn tútù tó bò ó kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tó o. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e síta ni iyọ̀ inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi bí wọ́n bá ti ní táńkì omi àti ọ̀pọ̀ oṣù tí wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó bá wá fò, ẹ má jẹ́ kí ìdùnnú ọjọ́ yẹn mú yín gbàgbé àyẹ̀wò. Bí ó bá ti balẹ̀, tó tutù, ẹ ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo fílítà ọ́ìlì bóyá irin wà nínú rẹ̀, ẹ wo abẹ́ rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìrù kọ̀ọ̀kan ní ríbẹ́ẹ̀tì-ríbẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ní eruku dúdú tó fà sẹ́yìn lára orí rẹ̀ bí èéfín àbẹ́là, kò dì mọ́ra, ó ń mira nínú ihò rẹ̀, lílọ̀ irin mọ́ irin ló sì ń yọ eruku yẹn. Ẹ wá a ní pàtàkì níbi tí iwájú ọ̀pá àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti so pọ̀, àti nídìí pátákó tó dúró lóòró. Ẹ nu ún kúrò, ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká, kó tún lọ fò lẹ́ẹ̀kan. Bí eruku náà bá padà, ẹ yọ ríbẹ́ẹ̀tì yẹn àti èyí tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti lósì rẹ̀, kí ẹ wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí bàálù tó tún gbéra.